Afárá Tí Kò Ní Pákó

Jókòó. Fi fáìlì yẹn sílẹ̀ ná. Mo ti rí i pé o tẹ ètò iṣẹ́ omi ẹ̀rọ tí wọ́n gbé lé ọ lọ́wọ́ jáde lórí ìwé tó ń dán, o sì fẹ́ kí n gbàdúrà lé e lórí kó o tó lọ kà á fún àwọn tí wọ́n fi sábẹ́ rẹ. Àdúrà ò sá lọ. Gbọ́ èyí ná.

Ọkùnrin kan wà tí ilé iṣẹ́ kan fi ṣe fọ́máànù lórí òṣìṣẹ́ mẹ́rìnlá. Afárá ni wọ́n fẹ́ kọ́, lórí odò kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń ya abúlé kan sọ́tọ̀ kúrò lára gbogbo ayé fún oṣù mẹ́ta lọ́dọọdún. Bí odò yẹn bá ti kún, ọlọ́kọ̀ ojú omi á fa ọkọ̀ rẹ̀ gòkè, ó di ìgbà tí òjò bá dá. Fọ́máànù fúnra rẹ̀ ló lọ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fún òun níṣẹ́ náà, nítorí pé abúlé òdìkejì yẹn ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ sì ni ìyá rẹ̀ ń gbé.

Ìyá náà ti darúgbó kùjọ́kùjọ́. Ọmọ márùn-ún ló bí, fọ́máànù nìkan ló kù. Ọmọ ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun nígboro, kò gbà.

Ó ní, “Àkànmú, ilé bàbá rẹ ni mo máa kú sí. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run: kó jẹ́ ọwọ́ rẹ ló máa bu yẹ̀pẹ̀ lé mi. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé kí ọjọ́ mi má lọ bọ́ sígbà tí odò bá kún.”

“Ìyá mi, ẹ má bẹ̀rù mọ́. Kí òjò ọdún yìí tó fìdí múlẹ̀, mọ́tò ni n ó máa gbé wá kí yín.”

“Ó dá ọ lójú?”

“Ó dá mi lójú.”

Kò parọ́ o. Ó dá a lójú lóòótọ́. Ìlú ńlá ló ti kọ́ṣẹ́, níbi tó jẹ́ pé irin àti sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo nǹkan. Bó o bá béèrè irin láàárọ̀ níbẹ̀, ọ̀sán ni wọ́n á já a sílẹ̀ níwájú rẹ. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi jókòó ti kádíbọ́ọ̀dù funfun kan. Ó fi rúlà pín in. Ó kọ ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún sápá òsì, ó kọ iṣẹ́ sáàárín, ó kọ orúkọ ẹni tó máa ṣe é sápá ọ̀tún. Ilẹ̀ gbígbẹ́ ló ṣáájú, irin tẹ̀ lé e, òpó mẹ́fà tẹ̀ lé irin. Nísàlẹ̀ pátápátá, ní ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá, ló kọ gẹdú sí, torí pé pákó ló máa gbẹ̀yìn lórí afárá. Ohun tó gbẹ̀yìn ní lílò, ó fi gbẹ̀yìn ní wíwá. Ẹni tó bá wò ó á ní ó mọ́gbọ́n dání, èmi náà ì bá sọ bẹ́ẹ̀.

Káfíńtà àgbà kan wà láàárín àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Bàbá yìí ti ń wọ igbó gẹdú àgbègbè yẹn kí wọ́n tó bí fọ́máànù. Ó mọ̀ pé amọ̀ dúdú ni ilẹ̀ igbó náà. Bí òjò bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ọkọ̀ àgbégilódò kì í wọ̀ ọ́ mọ́. Bó bá sì ṣe agídí wọ̀ ọ́, kì í jáde. Inú ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ti ń kó gẹdú ibẹ̀, kí wọ́n tó fọwọ́ kan iṣẹ́ mìíràn, kí pákó sì rí oòrùn gbẹ. Kì í ṣe awo. Bíríkìlà mọ̀ ọ́n. Awakọ̀ mọ̀ ọ́n. Ìyá tó ń se oúnjẹ fún wọn pàápàá mọ̀ ọ́n.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀, fọ́máànù kó gbogbo wọn jọ sábẹ́ àtíbàbà. Ó gbé kádíbọ́ọ̀dù kọ́, ó mú igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ́wọ́ bíi tíṣà, ó ń kà á lọ. Nígbà tó sọ̀rọ̀ kan gẹdú, Bàbá Káfíńtà gbé ọwọ́ sókè.

“Ọ̀gá, nípa ti gẹdú tẹ́ ẹ fi sí ìparí yẹn...”

“Bàbá, ẹ jẹ́ ká kà á tán ná.”

Kò pariwo mọ́ ọn. Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àgbà lójú àwọn tí àgbà náà lè bí lọ́mọ. Ó kà á tán, kò sì padà sórí ọ̀rọ̀ gẹdú mọ́. Àwọn yòókù wo ojú Bàbá Káfíńtà, wọ́n wo ojú ọ̀gá, kálukú gbé ẹnu rẹ̀ dákẹ́.

Fọ́máànù wá bi wọ́n pé, “Ṣé ó yé yín?”

“Ó yé wa, sà!”

“Mo ní, ṣé ó yé yín dáadáa?”

“Ó yé wa dáadáa, sà!”

Inú rẹ̀ dùn. Há, àwa ọmọ Yorùbá! Ta ló kọ́ wa ní “ó yé wa” yìí? A ń sọ ọ́ fún tíṣà, a ń sọ ọ́ fún dókítà, a ń sọ ọ́ fún ìyá ọkọ. Kì í ṣe irọ́, kì í sì í ṣe òótọ́. Ọ̀nà tá a fi ń kúrò níwájú ẹni tó jù wá lọ ni. Gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀, àfi ẹni tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi jọ̀gá, òun nìkan ló máa ń gbàgbé.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó sì ń lọ geere. Bí fọ́máànù bá parí ọ̀kan, á fi bírò pupa fa ìlà gba orí rẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹtàlá, ìlà pupa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìsàlẹ̀ kádíbọ́ọ̀dù, kò sì sí ọjọ́ kan ṣoṣo tó yẹ̀. Òpó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dúró nínú odò, wọ́n gún régé. Bó bá wọ ọkọ̀ ọ̀pẹ̀ẹ̀rẹ̀ lọ kí ìyá rẹ̀, á fà á lọ́wọ́ jáde pé kó wá wo òpó. Ìyá ò ríran dé ibẹ̀ mọ́. Á kàn máa mi orí, á ní, “Mo rí i, ọmọ mi, mo rí i.”

Òjò kìíní rọ̀ lọ́sẹ̀ kejìlá. Bàbá Káfíńtà gbójú sókè, ó gbé e sílẹ̀, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Èkejì rọ̀. Ẹ̀kẹta rọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì kan, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, bí kádíbọ́ọ̀dù ṣe wí gẹ́lẹ́, fọ́máànù ní kí àgbégilódò lọ kó gẹdú wá.

Awakọ̀ lọ. Ó mọ̀ pé òun ò ní débẹ̀, ó lọ. Wọ́n ní kó lọ, àbí? Kò tíì wọ igbó tán tí táyà ẹ̀yìn fi wọ inú amọ̀ lọ pátápátá. Ọjọ́ mẹ́jọ ni wọ́n fi wú ọkọ̀ náà jáde, òfìfo ló sì padà.

Fọ́máànù sá sókè, ó sá sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n lọ ra gẹdú níbòmíràn. Wọ́n ní ìwé àṣẹ tí wọ́n gbà, igbó yẹn nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ó kọ ìwé pé kí wọ́n yí àṣẹ náà padà. Ìwé ń lọ láti tábìlì dé tábìlì, òjò náà ń rọ̀, òjò ò mọ tábìlì. Kí èsì tó dé, odò ti kún dẹ́nu. Òpó mẹ́fà wá dúró sáàárín omi bí eyín tó ṣẹ́kù lẹ́nu arúgbó.

Ní oṣù Keje, láago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ kan, fóònù rẹ̀ dún. Ará ilé ìyá rẹ̀ ló pè é.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọ́jú. Ìyá ti jẹ́pè.”

Mùsùlùmí ni wọ́n. Òkú Mùsùlùmí kì í pẹ́ nílẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n á ti sin ín. Ọ̀nà tó yí odò po gba ìlú mẹ́ta kọjá, odindi ọjọ́ kan ni lórí mọ́tò. Fọ́máànù sáré lọ bá ọlọ́kọ̀ ojú omi, ó dọ̀bálẹ̀ fún un nínú ẹrẹ̀. Ọlọ́kọ̀ na ọwọ́ sí igi ńlá kan tí omi ń yí lọ.

Ó ní, “Ọ̀gá, ṣé kí wọ́n lè sin yín mọ́ ìyá yín lónìí ni?”

Ó bá dúró sétí odò. Orí òkè kékeré kan ni itẹ́ òkú abúlé náà wà, ẹni tó bá dúró lápá ìhín ń rí i. Ó rí aṣọ funfun. Ó rí lèmọ́mù tó ṣíwájú àti àwọn èèyàn tó tò sẹ́yìn rẹ̀. Òun náà dúró lórí koríko, òun nìkan, ó ń bá wọn kírun láti òdìkejì omi. Nígbà tó kan yẹ̀pẹ̀ bíbù, ọmọ aládùúgbò ló dúró síbi tó yẹ kí ọmọ dúró sí, òun ló kọ́kọ́ bù ú. Ọkùnrin náà ké. Ó ké bí ọmọdé, ó ń pe ìyá rẹ̀. Omi ń hó, ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ọ lọ́hùn-ún. Àwọn àgbà ní ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ìyá yìí bí márùn-ún.

Àwọn òṣìṣẹ́ ti wá bá a níbẹ̀. Wọ́n dúró sẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀, ó kọjú sí Bàbá Káfíńtà.

“Bàbá, ṣé ẹ mọ̀ pé ọkọ̀ ò ní lè kó gẹdú yẹn jáde?”

“Mo mọ̀.”

“Ẹ sì dákẹ́?”

Bàbá kọjú sí omi. “Mo la ẹnu, ọ̀gá. Ẹ ní ẹ jẹ́ ká kà á tán ná. A kà á tán, ẹ bi wá pé ṣé ó yé wa. Ó sì yé wa. Ẹ ò bi wá bóyá ó máa ṣeé ṣe.”

Ṣùgbọ́n má rò pé bàbá yẹn mọ́ o! Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ó ju oṣù mẹ́ta lọ tó ní láti fi fa ọ̀gá rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó ní, “Ọmọ mi, gbọ́.” Kò ṣe é. Ó di ìtìjú ọjọ́ kan sínú, ó ń retí ọjọ́ tí ọ̀gá máa kábàámọ̀. Ọjọ́ náà dé, bàbá ò rí adùn kankan nínú rẹ̀. Bíríkìlà náà ò rí. Awakọ̀ náà ò rí.

Wọ́n parí afárá náà lẹ́ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e. Gẹdú ló kọ́kọ́ dé lọ́tẹ̀ yẹn. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, fọ́máànù fẹsẹ̀ rìn ín sọdá, ó gba orí òkè lọ. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè ìyá rẹ̀, ó ní kí òun bu yẹ̀pẹ̀ díẹ̀ lé e. Ẹ̀ẹ̀rùn ti mú ilẹ̀ ibẹ̀ le koko. Ó fi èékánná ha á títí, ọwọ́ rẹ̀ ò bu nǹkan kan.

Ó dáa. Mú fáìlì rẹ wàyí, ṣí i. Èèyàn mọ́kànlá lorúkọ wọn wà níbẹ̀. Mélòó nínú wọn lo bá sọ̀rọ̀ kó o tó kọ orúkọ wọn síwájú iṣẹ́? Má dá mi lóhùn, ojú rẹ ti dáhùn.

Bó o bá dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́la, má kà á fún wọn. Tẹ́ ẹ sórí tábìlì, kó o fún wọn ní bírò. Bi ẹni tó máa gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, bi ẹni tó máa wa ọkọ̀, bi obìnrin tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì yín náà: “Níbo lètò yìí ti máa dojú dé? Kí ni mo fi sẹ́yìn tó yẹ kó ṣáájú?” Lẹ́yìn náà, kó o pa ẹnu rẹ dé. Bí àgbà kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọ̀rọ̀ gùn, jẹ́ kó fà á, kódà bí ìdí bá ń ro ọ́ lórí àga. Bí gbogbo wọn bá sì pa ohùn pọ̀ pé ó yé wọn, mọ̀ dájú pé o ò tíì gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu wọn, kó o tún ìbéèrè rẹ bi.

O ò mọ ẹni tó ń retí omi yẹn, tí ọjọ́ ti ń lọ lórí rẹ̀. Òun náà ò mọ̀ ọ́. Àmọ́ inú ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ yìí lọ̀rọ̀ rẹ̀ wà.

Máa lọ. Bí wọ́n bá ti fi bírò ba ìwé dídán yìí jẹ́ fún ọ tán, gbé e padà wá. Ìgbà yẹn ni mo máa gbàdúrà sí i.