Ọ̀já Tí Òkété Fi Sẹ́ Omi

Ẹ̀yin ọmọ, àlọ́ o!

Àlọ̀ ọ̀!

Àlọ́ mi yí gbirigbiri, ó dúró létí odò kan. Òkété àti Ẹtu pàgọ́ síbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Omi dà bí ẹrẹ̀, òùngbẹ sì fẹ́ pa ọmọ tí Òkété pọ̀n sẹ́yìn. Ó tú ọ̀já, ó fi bo ẹnu ìkòkò.

Ẹtu pòṣé. "Ìyá Òkété, ṣé ògì lẹ fẹ́ sẹ́ ni? Ẹ ṣáà gbé e kaná!" Ó gbé tirẹ̀ kaná.

Òkété ń kọrin. Ẹ gbè é:

"Ọ̀já, bá mi sẹ́ ẹ!"

Sẹ́ ẹ, kó mọ́!

Ó dà á lẹ́ẹ̀kan, ewé ló kù lórí ọ̀já. Lẹ́ẹ̀kejì, iyanrìn. Lẹ́ẹ̀kẹta, omi mọ́ gaara. Ó sè é, ó tutù, ọmọ mu ún, ó rẹ́rìn-ín. Òkété mí kanlẹ̀.

Ẹtu ṣí ìkòkò tirẹ̀: ẹrẹ̀ tó hó, ẹrẹ̀ náà ni.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní ọ̀já."

Ẹ̀yin ọmọ, ọ̀já tó gbé ọmọ pọ̀n, òun náà ló gbà á là.