Akọ̀pẹ tí ó dì mọ́ ọ̀pẹ

Ọkùnrin kan wà tí ó ń kọ ọ̀pẹ jẹun. Ikú mú ìyàwó rẹ̀ nígbà òjò, ó sì ku òun àti àwọn ọmọbìnrin kéékèèké tí ìyàwó náà fi sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rù ọ̀pẹ ti ń bà á.

Baba ìyàwó rẹ̀ ni ó kọ́ ọ níṣẹ́ náà. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tó kọ́ ọ ni pé igbà tí akọ̀pẹ fi yí ara rẹ̀ àti ọ̀pẹ po kì í di ènìyàn mú bí olúwarẹ̀ kò bá fara sẹ́yìn. Bí akọ̀pẹ bá fẹ́ ju igbà sókè, á sún mọ́ ọ̀pẹ díẹ̀ kí igbà lè dẹ̀. Bí ó bá ti jù ú tán, kíá, á fẹ̀yìn tì í. Nígbà náà ni igbà á le, tí á ké, tí á sì jẹ ara ọ̀pẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dì mọ́ ọ̀pẹ, igbà á dẹ̀ mọ́ ọn lára, kò sì sí ohun tó kù láàárín rẹ̀ àti ilẹ̀.

Ọkùnrin yìí mọ gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá gòkè báyìí, tí ó bá bojú wolẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ ni ó ń rí. Á ní nínú ara rẹ̀ pé, "Bí mo bá já, ta ni yóò wò wọ́n?" Ìfẹ́ ọmọ ni ó mú un tí ó fi ń fi àyà kan ọ̀pẹ. Ó pè é ní ìṣọ́ra.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú oògùn oǹdè kan wá bá a.

"So ó mọ́ ìdí. Ẹni tó bá wà lára rẹ̀, ọ̀pẹ kì í gbé e ṣubú."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ mọ̀ pé onígbàgbọ́ ni mí."

"Mo mọ̀. Onígbàgbọ́ ni ìyàwó rẹ náà. Òun ló ń gbá ṣọ́ọ̀ṣì fún wọn. Ibo ló wà báyìí?"

Ọkùnrin náà gba oǹdè náà. Kò so ó, kò sì dá a padà. Ó fi há etí agbọ̀n tó fi ń kó ẹyìn. Bí ó bá ń gbàdúrà láàárọ̀, ojú rẹ̀ a máa yà síbẹ̀.

Nígbà tí ẹyìn pọ́n, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sóko. Baba ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ lé wọn. Ojú baba náà kò ríran tó mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì lè jókòó sábẹ́ ọ̀pẹ kí ó máa ṣa ẹyìn tó já. Baba yìí ni ó sọ ọmọ rẹ̀ tó kú náà ní Dúrósinmí. Òun ni ó kù lẹ́yìn ọmọ náà.

Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò ó títí, ó rẹ́rìn-ín.

"Àbúrò, ṣé ọ̀pẹ lò ń gùn ni, àbí ìyàwó lo gbá mọ́ra?"

Bí ọ̀rọ̀ náà ti jáde ni ó kábàámọ̀ rẹ̀.

Ọkùnrin náà dé orí ọ̀pẹ. Bí ó ti gbé àáké sókè, ejò dúdú kan yọ orí láàárín imọ̀ ọ̀pẹ, ó kọjú sí i. Àáké bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi apá méjèèjì dì mọ́ ọ̀pẹ, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń kígbe nísàlẹ̀ pé, "Dì í mú! Dì í mú dáadáa!"

Bí ó ti ń dì í mú tó ni igbà ń dẹ̀ tó. Ó yọ̀ wálẹ̀ díẹ̀, ara ọ̀pẹ sì bó o láyà. Ejò náà ń wá ọ̀nà sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n apá àti àyà ọkùnrin náà ti dí ojú ọ̀nà. Ó dúró lókè orí rẹ̀, ó gbé ọrùn sókè. Ọkùnrin náà képe Ọlọ́run. Igbà tún yọ̀.

Baba ìyàwó rẹ̀ gbé etí sókè.

"Àna mi, n kò gbọ́ ohùn igbà. Ṣé o dì mọ́ ọ̀pẹ ni?"

"Bàbá, ejò wà níbí."

"Mo gbọ́. Gbára lé igbà."

"Bàbá, màá já."

"O ti ń já. Gbára lé e."

Kò sí ohun kan lẹ́yìn rẹ̀ bí kò ṣe afẹ́fẹ́. Ó tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́ ọ̀pẹ. Ó rántí àwọn ọmọ rẹ̀. Ó tú apá rẹ̀, ó sì gbé gbogbo ara rẹ̀ sẹ́yìn.

Igbà ké, ó jẹ ọ̀pẹ, ó dúró. Àyè ṣí sílẹ̀ láàárín àyà rẹ̀ àti ọ̀pẹ. Ejò náà gba àyè náà kọjá níwájú rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó wọ inú igbó lọ.

Nígbà tí ó délẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti rin ẹ̀wù rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yọ oǹdè náà létí agbọ̀n.

"Ṣé o rí i? Òun ló gbà ọ́."

"Ẹ̀gbọ́n, ilẹ̀ ni nǹkan yín wà. Ẹ máa mú un lọ."

Lẹ́yìn náà, ó jókòó ti baba ìyàwó rẹ̀, ó sunkún. Ejò lọ, ṣùgbọ́n Dúrósinmí kò dìde. Àpá àyà rẹ̀ kò sì parẹ́ títí di òní.

Ìwọ tí ikú ti wọ ilé rẹ, ìwọ ni mò ń bá wí. O ń kọ ọ́ lórin pé o gbára lé Olúwa. Kí ènìyàn gbé ara lé nǹkan ni à ń pè ní gbára lé. Ara tí o kò tíì gbé lé e, báwo ni yóò ṣe gbé e? O ti fi apá méjèèjì gbá ohun tí ò ń bẹ̀rù láti pàdánù mọ́ra, o pè é ní ìṣọ́ra, o sì ń yọ̀ wálẹ̀. Ọlọ́run lè má pa ejò náà fún ọ. Kò sì ṣèlérí pé ẹni tí o sin yóò padà wá jókòó tì ọ́ láyé yìí. Ṣùgbọ́n kò sí ìdánwò tí Ọlọ́run kò ṣe ọ̀nà tí yóò gbà kọjá fún. Àyà rẹ ni ó dí ọ̀nà náà.

Fà á sẹ́yìn.