Ìdí Tí Ẹranko Ńlá Inú Fíìmù Fi Ń Ké Tí Kì Í Sọ̀rọ̀

Nígbà láéláé, nígbà tí fíìmù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń rìnrìn àjò, gbogbo ẹranko inú fíìmù ló ń sọ̀rọ̀ ketekete bí èmi àti ẹ̀yin.

Ní ìsàlẹ̀ òkun ilẹ̀ Japan ni ẹranko kan tó ń jẹ́ Ugamo ń gbé. Ugamo tóbi, kì í ṣe kékeré. Tó bá nàró, orí rẹ̀ á wọ inú ìkùukùu. Tó bá sín, ọkọ̀ ojú omi á dojú dé. Ṣùgbọ́n ọmọlúàbí ni. Ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ láti kékeré pé kò gbọdọ̀ tẹsẹ̀ bọ ilé ẹnikẹ́ni láìkágò.

Ìyá yìí kò sí nítòsí mọ́. Ìgbì ńlá kan ló gbé e lọ nígbà tí Ugamo ṣì kéré, láti ìgbà náà ni Ugamo kò ti fojú kàn án. Ojoojúmọ́ ni àárò rẹ̀ ń sọ ọ́.

Lọ́jọ́ kan, Àbùùbùtán, ẹja ńlá tí kò sí òkun tí kò dé rí, yà kí i.

"Ugamo, mo rí màmá ẹ o."

Ugamo fò sókè. "Níbo? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú mi lọ!"

"Kí n mú ọ lọ síbo? Màmá ẹ kì í dúró síbì kan. Láti etíkun kan dé òmíràn ló ń wá ọ kiri. Tí o bá fi máa dé ìhín, ó ti kọjá sọ́hùn-ún. Ojú rẹ̀ sì ti fọ́. Etí nìkan ló kù tó fi ń wá ẹ."

Ugamo wa ẹkún mu. Ó ronú títí, ó wá rántí Baba Heizo tó ń ṣe fíìmù ní èbúté. Ó ti gbọ́ pé fíìmù kan ṣoṣo lè wà ní ọ̀pọ̀ ìlú lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó lọ yọrí láti inú omi ní èbúté náà. "Baba, ẹ fi mí sínú fíìmù yín. Tí ohùn mi bá dé gbogbo etíkun, ìyá mi á gbọ́ ọ níbi yòówù tó bá wà."

Inú Baba Heizo dùn gan-an. Ó fi páálí àti igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kọ́ ìlú kékeré kan, tòun ti afárá àti ọkọ̀ ojú irin. Iṣẹ́ Ugamo ni kó tẹ̀ ẹ́ wó. Ó tẹ̀ ẹ́ wó lóòótọ́, ṣùgbọ́n níwájú ilé kọ̀ọ̀kan, ó kọ́kọ́ ń tẹrí ba.

"Àgò onílé o! Ẹ dákun, ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀. Mo fẹ́ wó ilé yín ni."

Nígbà tí àwọn ará Japan wo fíìmù náà, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ inú ilé.

Ó wá ku kí fíìmù lọ sí òkèèrè. Odídẹrẹ́ ló wá gbà á. Òun ló ń gbé fíìmù kiri ayé nígbà náà, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń fi ohùn ara rẹ̀ rọ́pò ohùn gbogbo àwọn tó wà nínú rẹ̀, kí àwọn ará òkèèrè lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Òun ni ọ̀gá ológun, òun ni ọmọ ọwọ́, òun náà ni ìyá àgbà. Nígbà mìíràn, ẹnu ẹni inú fíìmù á ti pa dé kí ọ̀rọ̀ Odídẹrẹ́ tó tán.

Nígbà tó kan Ugamo, Odídẹrẹ́ pòṣé. "Irú ẹranko báyìí ló ń kágò? Ta ni yóò bẹ̀rù rẹ̀?" Ó yọ àgò kúrò, ó sì fi ohùn burúkú kan dípò rẹ̀: "Gbogbo yín pátá ni màá jẹ!"

Ugamo kò mọ nǹkan kan. Ó jókòó, ó ń retí ìyá rẹ̀. Àbùùbùtán ló tún rí, ojú rẹ̀ fà ro.

"Fíìmù ẹ dé etíkun tí màmá ẹ wà. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ilé sinimá sílẹ̀ nítorí ooru, ohùn sì ń dún dé orí omi. Bí wọ́n ṣe pe orúkọ ẹ báyìí, ó sáré súnmọ́ ibẹ̀. Ìgbà tó gbọ́ pé o fẹ́ jẹ gbogbo èèyàn, ó ní, 'Ọmọ mi kọ́ nìyẹn. Ọmọ mi kì í wọlé láìkágò.' Ó sunkún lọ."

Ọ̀rọ̀ yìí dun Ugamo wọra. Ó wá Odídẹrẹ́ lọ sí èbúté.

"Odídẹrẹ́, dá ohùn mi padà!"

Odídẹrẹ́ tẹrí ba. "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Mi ò mọ̀ pé ẹnì kan ń fetí wá yín. Ṣùgbọ́n wọn ò gbọ́ èdè yín lọ́hùn-ún. Ọ̀rọ̀ yòówù tí ẹ bá sọ, dandan ni kí n yí i padà. Kìkì ohun tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ni mo lè fi sílẹ̀ bó ṣe wà."

Ugamo rò ó wò. Tó bá fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀, kò ní lè kágò mọ́. Ìyá rẹ̀ á sọ pé ẹ̀kọ́ òun ti ṣòfò. Ó mí kanlẹ̀.

"Ó sàn kó bá mi wí ju kó máa wá mi lọ," ló wí.

Ó ní kí Baba Heizo gbé kámẹ́rà padà wá. Ó dúró láàárín ìlú páálí, ó la ẹnu, ó sì ké bí ọmọdé tó jí lójú oorun tí kò rí ìyá rẹ̀. Igbe náà bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, ó gòkè, ó sì já láàárín. Baba Heizo fi apá aṣọ nu ojú. Odídẹrẹ́ la ẹnu títí, kò rí ohun tó lè fi dípò rẹ̀, ó bá fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.

Fíìmù tún dé òkèèrè. Àwọn èèyàn tó wà ní sinimá rò pé ìbínú ni, wọ́n di àga mú gírígírí. Ṣùgbọ́n nínú omi, arúgbó kan tí kò ríran dúró sójú kan.

"Ọmọ mi nìyí," ló wí.

Ó ń tẹ̀ lé igbe náà láti sinimá etíkun kan dé òmíràn, títí ó fi dé Japan. Ó fọwọ́ pa Ugamo lórí, ó fọwọ́ pa á ní imú.

"O mà ti tóbi o," ló wí. "Ṣé o ti jẹun?"

Láti ọjọ́ náà ni ẹranko ńlá inú fíìmù ti pa ọ̀rọ̀ sísọ tì, tó jẹ́ igbe nìkan ló ń ké. Wọ́n lè yí ohùn gbogbo èèyàn inú fíìmù padà sí èdè tó bá wù wọ́n, ọ̀kan náà ni igbe tirẹ̀ ní gbogbo ayé. Tí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ̀yin ọmọ, ẹ má sá. Ìyá rẹ̀ ló ń pè.