Ọ̀yà àti Sèsé Inú Igbó

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi yí gbirigbiri, kò yà sílé Kìnnìún, kò yà sílé Ẹkùn, ẹnu ọ̀nà Ọ̀yà ló dúró sí.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ìyàn mú, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọ̀yà bí sì ń sunkún ebi. Òkété aládùúgbò rẹ̀ rí sèsé inú igbó, irú ẹ̀wà kan tó fà gun orí igi gbígbẹ. Ó ká a, ó gbé e kaná. Ó ní, "Ọ̀yà, oró wà nínú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ó da omi rẹ̀ nù ká tó jẹ ẹ́." Ó wá ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Omi gbóná, ẹ dà á nù,
*Sùúrù, ìyá ọmọ, sùúrù.*
Oró rẹ̀ kò tíì tán,
*Sùúrù, ìyá ọmọ, sùúrù.*

Wọ́n da omi kìíní nù. Ọ̀yà dìde, ó jókòó, ó tún dìde. Wọ́n da ìkejì nù. Ọmọ ò sunkún mọ́, ó kàn ń wo ìyá rẹ̀. Bí Òkété ṣe lọ pọnmi, Ọ̀yà bu sèsé díẹ̀, ó fi bọ́ ọmọ.

Kò pẹ́ tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí bì, ọrùn rẹ̀ sì rọ̀. Òkété sáré dé, ó yí orí ọmọ sí ẹ̀gbẹ́ kí èébì má bàa há a lọ́fun. Kò bá Ọ̀yà wí. Ọmọ bì títí, ó lajú. Ọ̀yà fúnra rẹ̀ ló da omi kẹta nù, ọmọ sì jẹun yó.

Nígbà òjò, Òkété fún Ọ̀yà ní hóró sèsé díẹ̀, Ọ̀yà sì gbìn ín sẹ́yìnkùlé. Kó tó hù, Ọ̀yà ti hú u wò lẹ́ẹ̀mejì. Òkété ló ń bá a fi erùpẹ̀ bò ó padà.

Ibi tí àlọ́ mi dé rèé. Bí mo bá parọ́, kí ahọ́n mi wúwo lẹ́nu mi.