Ilẹ̀kùn tí Ẹfúnróyè ní kí Wọ́n Tì

Àwọn àgbà ní, bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ọ̀rọ̀ yìí ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú. Ta ló fún ẹni tí a rán láṣẹ láti tún iṣẹ́ jẹ́? Ẹni tó bá gbọ́ ìtàn Abíọ́nà kò ní béèrè bẹ́ẹ̀.

Ẹrú Ẹfúnróyè ni. Ẹfúnróyè ń ta obì ní Ìrówò, ó sì ní ilé ìtajà ní Pàǹdàgí, ìlú àjèjì ní òdìkejì odò, níbi tí Akínlàjà, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ti ń bá a tajà. Nígbà tí obì ṣọ̀wọ́n, tó sì fẹ́ kí owó rẹ̀ gòkè sí i, ó pe Abíọ́nà.

"Sọ fún Akínlàjà kó ti ilẹ̀kùn. Obì kan ò gbọdọ̀ jáde títí n ó fi ránṣẹ́. Bó bá ṣí i, orí rẹ ni n ó gbà. Má sì fi ọgbọ́n tìrẹ kún un: ẹsẹ̀ ni mo rà, n ò ra ọgbọ́n."

Olúgbodi, aládùúgbò rẹ̀, tí àwọn ọmọ tirẹ̀ náà ń tajà níbẹ̀, rán ẹrú kan tẹ̀lé Abíọ́nà pẹ̀lú iṣẹ́ kan náà.

Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀ sí Pàǹdàgí, ìlú pa rọ́rọ́. Gbogbo ilẹ̀kùn ló ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ọlọ́kọ̀ tó tù wọ́n sọdá odò rọra wí fún wọn pé: "Ọba wọn wàjà. Ilé tó bá tì nígbà ọ̀fọ̀, wọ́n ní ibẹ̀ ni ẹni tó pa ọba sá pamọ́ sí."

Àwọn ọkùnrin tó kun ẹfun sójú, tí wọ́n mú ọ̀kọ̀ lọ́wọ́, ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. Wọ́n ń yẹ ilẹ̀kùn wò.

Ẹrú Olúgbodi ní, "Ohun tí wọ́n fi rán mi ni n ó jẹ́. Ẹ̀yìn mi ò gba pàṣán mọ́."

Akínlàjà bi Abíọ́nà pé, "Kí ni Ìyá wí?"

Abíọ́nà dáhùn pé, "Wọ́n ní kí ẹ ti ilẹ̀kùn. Ẹ má tì í. Ká ní wọ́n wà níbí, wọn ò ní wí bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé obì síta fún àwọn ọlọ́fọ̀."

"Ìyá á pa ọ́."

"Mo mọ̀."

Àwọn ọkùnrin tó kun ẹfun náà dé, wọ́n wo inú ilé, wọ́n kó obì, wọ́n kọjá. Kò pẹ́ tí èéfín fi sọ níbi ilé ìtajà Olúgbodi, tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

Abíọ́nà padà sílé, ó dọ̀bálẹ̀.

"Ilẹ̀kùn ńkọ́?"

"Ó wà ní ṣíṣí, Ìyá."

"Obì mi ńkọ́?"

"Ó ti tán."

Ẹfúnróyè ní kí wọ́n gbé idà wá. Abíọ́nà fẹ́ ṣàlàyé, wọn ò gbà á láyè. Ìgbà náà ni igbe ta ní agbo ilé Olúgbodi. Ìròyìn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé pé wọ́n sun àwọn ọmọ rẹ̀ mọ́lé, torí pé ilẹ̀kùn wọn wà ní títì.

Ẹfúnróyè tẹ́tí, ó sì rọra jókòó.

"Akínlàjà ńkọ́?"

"Wọ́n wà láàyè, Ìyá."

Ẹfúnróyè ní, "Ẹ gbé idà kúrò. Iṣẹ́ ẹrú ni mo rán an, ó fi tọmọ jẹ́ ẹ."

Ní ilé kejì, wọ́n ń sunkún lọ. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí àwọn àgbà fi ń wí pé, bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ.