Bí Ojú Alágẹmọ Ṣe Pínyà

Ní ayé àtijọ́, nígbà tí ìbọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ àwọn ọdẹ, ojú Alágẹmọ kò yọ síta bó ṣe yọ lónìí. Ojú rẹ̀ méjèèjì tẹ́jú sórí rẹ̀ bíi ti aláǹgbá, ibì kan náà ni wọ́n sì jọ máa ń wò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yá nígbà náà. Kí ẹ tó pajú dé, ó ti kúrò lórí ẹ̀ka tí ẹ ti rí i.

Kò sí ẹranko tí ojú rẹ̀ mú tó tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọdẹ abúlé Ìdí-Àpá fi máa ń gbé nǹkan ìṣọdẹ wọn wá fún un pé kó bá àwọn yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá ní, "Ó dára," wọ́n á gbé e wọgbó. Bó bá ní, "Kò dára," wọ́n á dá a padà fún alágbẹ̀dẹ. Ọ̀rọ̀ yìí wá ń wú u lórí. Nígbà tó yá, ẹ̀ẹ̀kan péré ló máa ń wo nǹkan, yóò sì ti sọ tẹnu rẹ̀.

Ní ọdún kan, Ẹkùn kan wọ igbó Ìdí-Àpá. Ewúrẹ́ ló kọ́kọ́ ń gbé. Lẹ́yìn náà, ó fa ọkùnrin kan léjìká ya lọ́nà oko. Nígbà tó wá ń lúgọ sétí odò, ẹnikẹ́ni ò lè lọ pọnmi mọ́. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀. Ìkòkò gbẹ. Àwọn ọmọdé ń sunkún òùngbẹ, àwọn ìyá wọn ò sì mọ ohun tí wọn yóò fún wọn.

Ní ìrọ̀lẹ́, Ẹkùn á lọ dùbúlẹ̀ sórí àpáta kan ní òdìkejì odò. Láti ẹ̀yìn abúlé, ṣe ló dà bí ọmọ ológbò lójú wọn, nítorí pé ibẹ̀ jìnnà tó igba ìṣísẹ̀. Ọdẹ tó bá fẹ́ sún mọ́ ọn, Ẹkùn á ti gbóòórùn rẹ̀, á sì lúgọ dè é.

Ọdẹ kan wà tó ń jẹ́ Ọdẹ́jìnmí. Ó rí awò ìbọn kan gbà lọ́wọ́ àjèjì kan tó ń kọjá lọ. Ọ̀pá kékeré oníhò ni, dígí wà ní ẹnu rẹ̀ méjèèjì. Bí ènìyàn bá fojú sí i, ohun tó jìnnà á sún mọ́ tòsí, á sì rí okùn tín-ín-rín méjì tó gba ara wọn kọjá láàárín. Ibi tí okùn méjèèjì ti pàdé ni ọta gbọ́dọ̀ bà. Ọdẹ́jìnmí fi awọ dè é mọ́ ìbọn rẹ̀, ó sì gbé e tọ Alágẹmọ lọ.

"Bàbá Alágẹmọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yẹ awò yìí wò. Ọta mẹ́rin péré ló kù lọ́wọ́ mi."

Alágẹmọ fojú sí i. Ó rí Ẹkùn lórí àpáta kedere, títí kan irun imú rẹ̀.

"Háà! Ó dára! Ó dára gan-an ni!"

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yin ọ̀kan sára igi, bàbá, ká mọ̀ bóyá ibi tí okùn yìí ń tọ́ka sí ni ọta ń lọ lóòótọ́."

Alágẹmọ rẹ́rìn-ín. "Ọta mẹ́rin lo ní, o wá fẹ́ fi ọ̀kan pa igi? Ṣé o ti gbọ́ ọ rí pé mo ṣi nǹkan wò?"

Ọdẹ́jìnmí ò lè bá àgbà jiyàn. Ó délé, ó sọ fún Àyọ̀ká ìyàwó rẹ̀ pé, "Bí o bá ti gbọ́ ìró ìbọn, Ẹkùn ti kú nìyẹn. Bàbá Alágẹmọ ló bá mi yẹ̀ ẹ́ wò."

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀ díẹ̀, Ọdẹ́jìnmí fi àyà lélẹ̀ lẹ́yìn abúlé. Alágẹmọ dúró tì í. Ọdẹ gbé okùn méjèèjì lé igbá-àyà Ẹkùn, ó yìn ín.

Gbàù! Òkúta fọ́ lápá ọ̀tún Ẹkùn. Ẹkùn fò dìde. Ó wo èéfín ìbọn lọ́ọ̀ọ́kán, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àpáta, ó la odò kọjá, ó sì wọnú koríko gíga. Kò sá lọ o. Ìhà abúlé ló kọjú sí.

Àsìkò yẹn gan-an ni Àyọ̀ká yọ lójú ọ̀nà odò, ọmọ lẹ́yìn, akèrègbè lọ́wọ́.

"Àyọ̀ká! Padà!" Ọdẹ́jìnmí kígbe. Ariwo omi tó ń bọ́ lórí òkúta ò jẹ́ kó gbọ́ ohun tó ń wí. Ó rò pé ayọ̀ ni ọkọ òun ń yọ̀. Ó juwọ́ sí i, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ lọ.

"Bí mo bá sáré, Ẹkùn á ṣáájú mi débẹ̀," ni Ọdẹ́jìnmí wí. "Bí mo bá sì yìnbọn báyìí, mi ò mọ ẹni tí yóò bà. Bàbá, kí la ó ṣe?"

Alágẹmọ wá rí ohun tí òun fà. Ọ̀rọ̀ ẹnu òun ló gbé obìnrin yìí lọ sódò.

"Wo igi ọ̀gànwó tó wà lọ́hùn-ún, tí èèpo ara rẹ̀ ti bó tó funfun," ló wí. "Ó jìnnà tó odò. Yìn ín síbẹ̀. Mo ń lọ wo ibi tí yóò bà. Ẹsẹ̀ mi ni kí o máa wò nínú awò."

Ó sáré dé ìdí ọ̀gànwó, ó gùn ún, ó sì dì mọ́ ara igi lókè ojú funfun tí èèpo ti bó náà. Láti ibẹ̀, ó ń rí koríko tó ń mì níbi tí Ẹkùn ń rá gba kọjá. Bó bá wo koríko, kò ní rí ibi tí ọta bà. Bó bá wo ojú funfun, Ẹkùn á pòórá mọ́ ọn lójú. Ó wá fi gbogbo agbára rẹ̀ gbìyànjú láti wo méjèèjì pọ̀. Ó ń tanjú, ó tún ń tanjú, títí nǹkan kan fi já nínú orí rẹ̀. Ojú ọ̀tún yọ síta, ó kọjú sí igi. Ojú òsì yọ síta, ó kọjú sí koríko.

Gbàù! Ọta bà lápá ọ̀tún, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan jìnnà sí ojú funfun. Ẹkùn gbọ́ ìró náà, ó lẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀. Alágẹmọ na ẹsẹ̀ sí òsì, ó fà á padà, ó tún nà án.

Ọdẹ́jìnmí rí i. Ó fọwọ́ kan awò náà, ó sì rí i pé awọ tí òun fi dè é ti dẹ̀. Ó fi eyín fa awọ náà le, ó sún ẹnu awò náà díẹ̀, ó sì yí ìbọn sí ọ̀nà odò.

Alágẹmọ mirí. Ó na ẹsẹ̀ sí ojú funfun, bí ẹni ń wí pé: tún un yìn.

"Bàbá, méjì ló kù!" Ọdẹ́jìnmí kígbe.

Koríko tún ń mì. "Ó dára" ti wà lẹ́nu Alágẹmọ, ẹ̀rù sì ń bà á débi pé ó wù ú kó sọ ọ́. Ó gbé e mì. Ó tún na ẹsẹ̀ sí ojú funfun.

Gbàù! Àárín ojú funfun gan-an ló bà.

Kíá ni Alágẹmọ na ẹsẹ̀ sí etí odò, níbi tí koríko ti parí. Ọdẹ́jìnmí ki ọta tó kẹ́yìn, ó yí ìbọn síbẹ̀. Àyọ̀ká, tó rò pé ìbọn ayọ̀ ni wọ́n ń yìn, ti bẹ̀rẹ̀, ó ń bu omi. Lẹ́yìn rẹ̀, orí Ẹkùn yọ láàárín koríko.

Gbàù!

Akèrègbè bọ́ lọ́wọ́ Àyọ̀ká, omi gbé e lọ. Ọmọ bú sẹ́kún. Nígbà tí ìyá rẹ̀ wẹ̀yìn, Ẹkùn ti kú, ó nà gbalaja sórí iyanrìn, ọwọ́ rẹ̀ kan nínú omi.

Àyọ̀ká gun òkè wá sídìí igi ọ̀gànwó.

"Bàbá, ọ̀rọ̀ yín ni mo gbára lé tí mo fi lọ sódò."

Alágẹmọ fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ wá tọrọ àforíjì. Ó na ẹsẹ̀, ó fà á padà, ó tún nà án. Kò dá a lójú mọ́ pé ibi tí òun fẹ́ tẹ̀ yóò gba òun. Àyọ̀ká wò ó títí, àánú rẹ̀ sì ṣe é. Ó wá igi gígùn kan, ó gbé e tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè bá a sọ̀ kalẹ̀, ó sì dúró dè é títí ó fi dé ilẹ̀.

Àtọjọ́ yẹn ni ojú Alágẹmọ ti yọ síta, tí ọ̀kan ń wo ìhín, tí èkejì ń wo ọ̀hún. Àtọjọ́ yẹn ló ti ń na ẹsẹ̀ tó sì ń fà á padà kó tó gbé e lélẹ̀. Àwọn ọdẹ Ìdí-Àpá ò sì gbé ìbọn wọgbó mọ́ láìkọ́kọ́ yìn ín sára igi, ẹni yòówù kó bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò. Alágẹmọ fúnra rẹ̀ ò sì sọ pé nǹkan kan dára mọ́. A ò gbọ́ ohùn rẹ̀ títí di òní.