Èbù Tí Bàbá Ọdẹ́yalé Gbé Sọdá Odò

Ní ìlú Òkè-Ìmọ̀, kò sí ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà tún ṣe tó Múfútáù, kò sì sí ẹni tó fẹ́ràn láti sọ ọ́ fún aráyé tó òun fúnra rẹ̀. Ó fi ọ̀dà pupa kọ "Dókítà Kọ̀ǹpútà" sára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bí ẹ bá bi í bóyá iṣẹ́ kan kò ní yọ ọ́ lẹ́nu, á bú sẹ́rìn-ín, á ní, "Èmi kẹ̀? Iṣẹ́ tí mò ń dijú ṣe!" Ọmọlúàbí ni o, kì í parọ́ fún oníbàárà. Ẹnu rẹ̀ nìkan ló máa ń ṣáájú rẹ̀ débi gbogbo.

Bàbá Ọdẹ́yalé, àgbẹ̀ oníṣu, kì í fi ṣọ́ọ̀bù yìí sílẹ̀ láàárọ̀. Ibẹ̀ ló ti ń gba iná sí fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì rẹ̀, tí Múfútáù máa ń kó orin sákárà sí fún un. Bàbá kò mọ nǹkan kan nípa kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ tí kì í béèrè ìdí rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Àlàájà Rìsíkátù gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé. Iṣẹ́ ọnà agbádá ni Àlàájà ń ṣe. Inú kọ̀ǹpútà ló ń ya ọnà ọrùn aṣọ sí, ẹ̀rọ ìránṣọ á sì rán an bó ṣe yà á gẹ́lẹ́.

"Múfútáù, ó ń tàn, ó ń kú," ni Àlàájà wí. "Fáírọ́ọ̀sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ẹ́ tán. Ṣùgbọ́n ọnà tí bàbá mi fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ ṣe láyé ló wà nínú rẹ̀, igba ó lé mẹ́tàdínlógún. Ọdún mẹ́ta ni mo fi tún wọn yà. Ikán sì ti jẹ ìwé tí bàbá yà wọ́n sí. Bí èyí bá lọ, bàbá mi tún kú lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Àlàájà. Màá kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà odindi inú rẹ̀, gbogbo ẹrù bó ṣe wà. Lẹ́yìn náà ni màá pa inú rẹ̀ rẹ́, màá gbé ètò tuntun tó ń darí kọ̀ǹpútà wọ inú ẹ̀, màá wá dá ẹrù yín padà sáyè ẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, ẹ ti gbé e lọ."

Nígbà tí Àlàájà lọ tán tí Múfútáù sì ti ṣe ẹ̀dà náà, Bàbá Ọdẹ́yalé yọ orín lẹ́nu.

"Múfú, oko lo fẹ́ sun yẹn, àbí?"

"Ó jọ bẹ́ẹ̀, Bàbá. Kí n lè gbin tuntun ni."

"Ibo lo wá kó èbù sí?"

"Inú ẹ̀ náà ni. Yàrá méjì ló wà nínú kọ̀ǹpútà yìí, mo ti kó ẹ̀dà sí yàrá kejì."

"Nínú oko tí o fẹ́ sun?"

Múfútáù rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ní Òkè-Ìmọ̀, àgbẹ̀ kan kì í ṣáná sí oko láìjẹ́ pé ó ti gbé ìpín kan nínú èbù iṣu rẹ̀ lọ sí ahéré ẹlòmíràn lódìkejì odò. Aládùúgbò kì í sì í dúró kí wọ́n bẹ òun. Òun gan-an ló ń wá gba ìpín náà láti bá wọn tọ́jú, ẹni tó bá sì kọ̀ fún un, èébú ló bú u.

Bàbá na ọwọ́. "Kó ìpín èbù wá. Èmi ni aládùúgbò."

"Ibo lẹ fẹ́ gbé e sí, Bàbá?"

"Inú fóònù mi ńkọ́? Ṣebí ìwọ lo sọ lánàá pé àyè ṣì kù níbẹ̀ rẹpẹtẹ."

Múfútáù kò fẹ́ bú àgbà. Ó yọ káàdì kékeré inú fóònù náà, ó da àwọn ọnà Àlàájà nìkan sí i, nítorí wọn kò gba àyè púpọ̀, ó dá káàdì padà sínú fóònù, ó sì gbé e fún Bàbá bí ẹni ń tan ọmọdé. Bàbá dúpẹ́, ó gba oko lọ.

Ni Múfútáù bá kojú iṣẹ́. Kọ̀ǹpútà bi í pé yàrá wo ni kí òun pa rẹ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, bárakú burú! Láti ọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ yìí, Múfútáù kì í gbá yàrá kan kó fi èkejì sílẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ tẹ méjèèjì, nígbà tí ẹnu rẹ̀ ń dá ẹni tó ń kọjá lóhùn. Ètò tuntun wọlé wẹ́rẹ́, kọ̀ǹpútà ń dán, Múfútáù ń súfèé. Ìgbà tó fẹ́ dá ẹrù padà ló ṣí yàrá kejì. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó tún un ṣí. Òfìfo.

"Yéè! Mo gbé!"

Àfi bí Àlàájà ṣe yọ lẹ́nu ọ̀nà. Múfútáù kò lè parọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Àlàájà, mo ti pa á rẹ́. Àti ẹ̀dà, àti ojúlówó."

Àlàájà rọra jókòó, ó ká ọwọ́ lérí. "Bàbá mi o," ló ń wí ṣáá. Ojú ti Múfútáù débi pé kò lè dìde nílẹ̀. Ibi tó dọ̀bálẹ̀ sí náà ló ti gbójú sókè, ó rí ṣájà Bàbá Ọdẹ́yalé tó rọ̀ lára ògiri.

"Àlàájà, ẹ dìde! Ẹ gun alùpùpù!"

Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dé oko kí wọ́n tó rí èéfín. Oko Bàbá Ọdẹ́yalé ló ń jó! Bàbá dúró sí ẹ̀bá rẹ̀, ó ń fi ewé tútù pa iná tó bá fẹ́ kọjá ààlà.

"Bàbá, fóònù yín dà?" Múfútáù ti bẹ́ sílẹ̀ lórí alùpùpù.

Bàbá tú àpò ṣòkòtò rẹ̀ síta, òfìfo ni. Àlàájà kígbe. Bàbá wò wọ́n, ó mi orí.

"Ẹ̀yin náà ẹ ronú. Èmi á gba èbù ẹlòmíràn pamọ́, màá sì gbé e wọ oko tó ń jó?" Ó nàka sódìkejì odò.

Wọ́n fẹsẹ̀ la odò kọjá. Nínú ahéré aládùúgbò, lórí òkìtì èbù iṣu, fóònù kékeré náà jókòó, ó ń kọ sákárà lọ ní tirẹ̀.

Wọ́n sáré gbé e padà sí ṣọ́ọ̀bù, Múfútáù sì da ohun tó wà nínú káàdì rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Igba ó lé mẹ́tàdínlógún ọnà pé, ẹyọ kan kò dín. Àlàájà fọwọ́ kan àkọ́kọ́ lójú kọ̀ǹpútà, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá gbé kọ̀ǹpútà wá sọ́dọ̀ Múfútáù, Bàbá Ọdẹ́yalé ló ń kọ́kọ́ na ọwọ́ gba ìpín, Dókítà Kọ̀ǹpútà á sì dọ̀bálẹ̀ fún un kó tó fún un. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà Òkè-Ìmọ̀ fi ń pa á lówe pé: "Oko tí a fẹ́ sun kọ́ là ń kó èbù pamọ́ sí."